Ìjàyè àti Ìtàn Ìṣẹ̀dálẹ̀ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà

Nígbà tí Adélù gorí ìtẹ́ Àtìbà bàbá rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ lọ́dún 1859, Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó ń ṣe àkóso Ìjàyè, kọ̀ láti wárí fún un, nítorí pé àṣà àtijọ́ ni kí Àrẹ̀mọ bá Aláàfin kú. Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Ọ̀yọ́, ọ̀rọ̀ di ogun. Kúrunmí kú lọ́dún 1861, ìlú sì fọ́ ní oṣù Kẹta ọdún 1862. Ìjàyè tí wọ́n tún tẹ̀dó lẹ́yìn náà wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé lónìí, òun pẹ̀lú Ọ̀yọ́ àti àwọn abúlé Ìbàdàn ló sì jọ ń rán sẹ́nétọ̀ kan ṣoṣo lọ sí Àbújá.

Ìpàdé òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà tó wáyé ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1957 ni wọ́n ti fẹnu kò pé kí ilé aṣòfin àpapọ̀, tó jẹ́ ẹyọ kan títí di ìgbà náà, di méjì. Iye ènìyàn ni wọ́n fi pín ìjókòó Ilé Aṣojú-ṣòfin, tí Àríwá fi ní 174 nínú 312 lọ́dún 1959. Ṣùgbọ́n ní ilé tuntun náà, ìyẹn Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà, ẹkùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta orílẹ̀-èdè náà gba ìjókòó 12 lọ́gbọọgba, Èkó gba 4, Gómìnà Àgbà sì yan 4, tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 44. Ilé náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 1960, Nnamdi Azikiwe sì ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Àwọn ará ìlú kò dìbò yan àwọn sẹ́nétọ̀ ìgbà náà: ìjọba ẹkùn ló ń fa wọ́n kalẹ̀, tí ilé aṣòfin ẹkùn á sì fọwọ́ sí i. Wúràọlá Ẹ̀san, tó dá ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1944, wà lára àwọn tí Ìwọ̀-Oòrùn rán lọ, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀.

Àwọn ológun fòpin sí ilé náà ní oṣù Kìíní ọdún 1966. Nígbà tó padà lọ́dún 1979, àwọn ará ìlú fúnra wọn ló dìbò, ìpínlẹ̀ 19 sì yan ènìyàn 5 kọ̀ọ̀kan. Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fún ìpínlẹ̀ 36 ní sẹ́nétọ̀ 3 kọ̀ọ̀kan, ó fi 1 kún un fún Àbújá, gbogbo rẹ̀ sì di 109. Ẹni tó bá fẹ́ díje gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 35, kí ẹgbẹ́ òṣèlú sì fà á kalẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni sáà rẹ̀, ilé náà ló sì ń fọwọ́ sí yíyan mínísítà àti adájọ́ àgbà.

Àjọ elétò ìdìbò ló ń pín ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ẹkùn sẹ́nétọ̀ mẹ́ta. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ 33 tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, 11 ló wà ní Ẹkùn Àárín Gbùngbùn: Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá, Ọ̀nà-Àrà àti Olúyọ̀lé láti ìhà Ìbàdàn, àti mẹ́fà mìíràn tí ìlú Ọ̀yọ́ wà lára wọn. Lékan Balógun, ọmọ Ìbàdàn tó di Olúbàdàn lọ́dún 2022, ló ṣojú wọn láti ọdún 1999 sí 2003. Monsurat Sunmonu, ọmọ Ọ̀yọ́, sì wọlé lọ́dún 2015.

Síbẹ̀, ẹnu ibodè ìpínlẹ̀ ni ọgbọọgba náà parí sí. Láàárín ẹkùn, ẹni tí ìbò rẹ̀ pọ̀ jù ló ń wọlé, nítorí náà kò sí ọmọ Ìjàyè tó lè dé ilé yìí láìjẹ́ pé Ọ̀yọ́ tàbí Ìbàdàn, tí wọ́n bá Ìjàyè jagun nígbà kan rí, dìbò fún un.