Ọ̀ta, Òpè àti Onílé Tẹ́tẹ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé Òyìnbó ni ó kó tẹ́tẹ́ dé ilẹ̀ wa. Ìtàn kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ọ̀nà Badagry tí ó gba ẹ̀gbẹ́ Festac Town kọjá, bí a bá tọ̀ ọ́ títí tí a fi ré ibodè Sẹ̀mẹ̀ kọjá, a ó dé Ouidah. William Bosman, oníṣòwò ará Netherlands, kọ̀wé nípa ìlú yìí. Ìwé náà jáde ní 1704. Ó ní nígbà tí owó àti ẹrù bá tán lọ́wọ́ atatẹ́tẹ́ níbẹ̀, a fi aya àti ọmọ lé e, lẹ́yìn náà a fi ara rẹ̀ lé e. Òwò ẹrú ni Bosman ń ṣe, nítorí náà kí a fi ìṣọ́ra gba ẹ̀rí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tó láti fi hàn pé tẹ́tẹ́ ti pẹ́ ní etí òkun yìí.

Festac Town pàápàá ní ìtàn orí-ire. Àlejò àjọ̀dún tí a ṣe láti 15 Oṣù Kìíní sí 12 Oṣù Kejì 1977 ni a kọ́ ọ fún. Nígbà tí àlejò lọ tán, kèké ni ìjọba fi pín ilé: ẹni tí kèké mú di onílé ní Amuwo-Odofin. Ṣùgbọ́n kèké kì í ṣe tẹ́tẹ́. Ẹni tí kèké kò mú kò pàdánù ilé bàbá rẹ̀.

Ní ti poker, ẹ̀bá odò Mississippi ní Amẹ́ríkà ni ó ti gbilẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Mo ti jókòó nídìí tábìlì rẹ̀ ní Èkó. Wọ́n a fún olúkúlùkù ní káàdì méjì tí òun nìkan yóò wò. Wọ́n a sì tẹ́ márùn-ún sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Nínú káàdì 52, ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 221 ni ènìyàn ń rí ace méjì gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà sùúrù ni iṣẹ́ tí ó pọ̀ jù níbẹ̀. A ń ju káàdì nù, a ń wo ọwọ́ ẹnìkejì bóyá ó ń gbọ̀n. Ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ lè fi ìhàlẹ̀ lé ẹni tí ó ní sá. Kò sí ariwo bí ti ìdí ayò, níbi tí ọ̀ta ti ń fi òpè ṣe yẹ̀yẹ́.

Síbẹ̀ ayò ni ó wá sí mi lọ́kàn. Poker ní ọ̀ta, ó ní òpè, ọgbọ́n sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Èyí gan-an ni ó ń tan ọ̀dọ́ tí ó mọ ìṣirò. Ṣùgbọ́n nídìí ayò, ọmọ ayò 48 ni a bá níbẹ̀, 48 ni a ó fi sílẹ̀. Òpè a sì fi àpò rẹ̀ lọ sílé ní odidi. Nínú yàrá poker, onílé ń bu díẹ̀ nínú owó tí a dù. Bí a bá jókòó pẹ́ títí, owó gbogbo wa lápapọ̀ ń dín kù. Ọ̀ta jẹ, òpè kú, onílé nìkan ni kò ta.

Ní 22 Oṣù Kọkànlá 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé àwọn ìpínlẹ̀ ni ó ní agbára láti ṣe òfin lórí tẹ́tẹ́ lọ́tìrì, kì í ṣe Ilé Aṣòfin Àpapọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti wá sítòsí ilé wa. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, èmi kò bẹ̀ yín pé kí ẹ kórìíra ọgbọ́n tí ó wà nínú káàdì. Kí ẹ tó fi owó ilé-ìwé lé e, ẹ kọ́kọ́ bèèrè iye tí onílé ń bù. Àwọn aṣòfin wa náà, ẹ jẹ́ kí a bi wọ́n léèrè.