Ìbọn Àlòkù Ológun: Láti Kírìjì Dé Ìwó Road

Ìbọn tí ọmọ ogun òyìnbó bá ti pa tì, ọ̀tun ló ń jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i rà nílẹ̀ Yorùbá. Agbára sì máa ń tẹ̀ lé ẹni náà.

Láyé Ìbàdàn ológun, ṣakabùlà ni wọ́n ń rà. Àwọn oníṣòwò ńlá ń tà á fáwọn balógun láwìn, Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Gbèsè ìbọn àti ẹ̀tù wà lára ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn. Wọ́n pa Ẹfúnṣetán ní 1874.

Ní 1866, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ ìbọn Enfield tí wọ́n ń ki láti ẹnu di Snider, èyí tí wọ́n ń ki láti ìdí. Nígbà tó di 1871, wọ́n ti tẹ́wọ́ gba Martini-Henry, Snider sì bẹ̀rẹ̀ sí í di àlòkù. Ojú ọ̀nà tó ti Ìbàdàn gba Ìwó lọ sí Òṣogbo àti Ìkìrun kọjú sí ibi tí ogun Jálumi ti wáyé ní 1878, tí ogun Kírìjì tí Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì bá Ìbàdàn jà sì tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà l'Ékòó fi ìbọn tí wọ́n ń ki láti ìdí ránṣẹ́ sí Ògèdèngbé, ọ̀gágun wọn. Kí oníṣakabùlà tó da ẹ̀tù, kó ki ọta, kó fọ̀pá tẹ̀ ẹ́, ẹni tó ní ìbọn tuntun yìí ti yìnbọn léraléra. Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá sì ti dí ọ̀nà òkun mọ́ Ìbàdàn. Látòósà kú síbùdó ní 1885. Ọdún kejì ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà, 1893 ni ibùdó tó tú.

Ní 1890, àwọn ìjọba òyìnbó pàdé ní Brussels, wọ́n fòfin de kíkó ìbọn ìgbàlódé wọ apá tó pọ̀ jù ní Áfíríkà. Ṣakabùlà ni wọ́n fi sílẹ̀. Òun náà ló wà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Agbẹ́kọ̀yà ní 1969, lọ́dún tí wọ́n fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Àgódi, tí kò jìnnà sí Ìwó Road n'Ìbàdàn. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé Nàìjíríà, ìbọn ológun bọ́ sọ́wọ́ adigunjalè; ní 1970, ìjọba sọ ìdigunjalè di ẹ̀ṣẹ̀ ikú.

Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ fóònù àlòkù yóò rí i rà ní Ìwó Road. Ṣùgbọ́n ìbọn ìléwọ́ àlòkù kò sí lára ọjà bẹ́ẹ̀. Òfin ìbọn ti 1959 kà á mọ́ èyí tó jẹ́ èèwọ̀, àfi tí Ààrẹ orílẹ̀-èdè bá fúnni níwèé àṣẹ. Ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ló ń fúnni níwèé ìbọn ọdẹ ìgbàlódé. Ìpínlẹ̀ ló ń bójú tó ti ṣakabùlà. Ní Amẹ́ríkà, láti 2018 ni wọ́n ti ń ta ìbọn ìléwọ́ M1911 tí ológun ti lò fún aráàlú, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́kọ́ ń yẹ ìwà olùrà wò.

Ẹni tó bá níwèé àṣẹ, kó rántí pé ìbọn àlòkù lè ti gbó nínú. Kó jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó yìn ín. Kó tú ọta kúrò kó tó nù ún, kó fi epo díẹ̀ pa á kí òjò Ìbàdàn má baà fi ìpẹtà jẹ ẹ́. Kó tìbọn mọ́ ibìkan, kó ti ọta mọ́ ibòmíràn, kọ́mọdé má mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà.

Ẹni tó bá sì bá ìbọn nínú ẹrù bàbá rẹ̀ tó ti kú, kó má tà á, kó má fi pamọ́. Kó fi í síbi tó wà, kó pe ọlọ́pàá.