"Ojú Mi Kòrókòró Ni Mo Fi Rí I": Bí Ẹlẹ́rìí Tí Kò Parọ́ Ṣe Lè Rán Aláìṣẹ̀ Lọ Sẹ́wọ̀n

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi, bí ẹjọ́ bá délẹ̀ láàárín wa, yálà nínú ọjà tàbí nínú ìpàdé ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń parí ẹ̀: "Ojú mi kòrókòró ni mo fi rí i." Bí ẹni tá a mọ̀ sí olóòótọ́ bá ti sọ bẹ́ẹ̀, a kì í tún bi í léèrè mọ́. Àmọ́ èèyàn lè má parọ́ rárá, kí ohun tó sọ má sì rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ gbọ́ ẹjọ́ Ronald Cotton ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù keje ọdún 1984, ọkùnrin kan já wọ ilé Jennifer Thompson, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 22, ní ìlú Burlington, ìpínlẹ̀ North Carolina, ó sì fipá bá a lò pọ̀. Thompson fara balẹ̀ wo ojú ẹ̀ kó lè dá a mọ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Ọlọ́pàá kó fọ́tò wá, ó mú ti Cotton. Wọ́n to àwọn ọkùnrin sórí ìlà, ó tún mú Cotton. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà yẹn, Cotton nìkan ni fọ́tò ẹ̀ ti wà nínú ti àkọ́kọ́. Nígbà tó mú un tán, ọlọ́pàá ní ẹni tó mú nínú fọ́tò náà nìyẹn. Ọkàn ẹ̀ balẹ̀ pátápátá.

Wọ́n dá Cotton lẹ́bi lọ́dún 1985. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ló ti pàdé Bobby Poole, ọkùnrin tó jọ ọ́, tó ti sọ fún ẹlẹ́wọ̀n mìíràn pé òun lòun ṣe é. Wọ́n tún ẹjọ́ gbọ́ lọ́dún 1987, wọ́n mú Poole wá síwájú Thompson. Ó ní òun ò rí i rí. Cotton gba ẹ̀wọ̀n gbére àti ọdún 54 lé e. Ọdún 1995 ni àyẹ̀wò DNA tó fi hàn pé Poole ló ṣe é. Cotton ti lo ọdún 10 àtààbọ̀ lẹ́wọ̀n nígbà náà. Thompson bẹ̀ ẹ́, ó dárí jì í, àwọn méjèèjì sì jọ kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ náà lọ́dún 2009.

Kí ló fà á? Ìrántí kì í ṣe fọ́tò. Ìgbàkígbà tá a bá rántí nǹkan la tún ń tò ó pọ̀, ohun tá a gbọ́ lẹ́yìn ìgbà náà sì lè bọ́ sínú ẹ̀ láìjẹ́ pé a mọ̀. Lọ́dún 1974, Elizabeth Loftus àti John Palmer fi fíìmù jàǹbá mọ́tò han àwọn èèyàn. Wọ́n bi àwọn 50 bí mọ́tò náà ṣe ń sáré tó nígbà tó "gbá" èkejì. Wọ́n bi àwọn 50 mìíràn nípa ìgbà tí wọ́n "run ara wọn wómúwómú". Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ní ṣé wọ́n rí gíláàsì tó fọ́. Gíláàsì kankan ò fọ́ nínú fíìmù yẹn. Èèyàn 7 nínú àwọn "gbá" ní àwọn rí i. Nínú àwọn "run", ó di 16. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yí ìrántí padà. Ẹ wá fi ẹ̀rù, òkùnkùn àti ìbọn kún un. Ìwádìí tún fi hàn pé ó máa ń ṣòro láti dá ojú ẹni tí àwọ̀ ẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa mọ̀. Òyìnbó sì ni Thompson, èèyàn dúdú ni Cotton.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, alábàárù kan gbé ẹrù oníbàárà mi, a ò rí i mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo nawọ́ sí ọmọkùnrin kan, mo sì búra. Àwọn èèyàn ti fẹ́ máa lù ú kí àgbà ọjà kan tó ní ká dúró. A rí ẹrù náà ní ṣọ́ọ̀bù tí alábàárù mìíràn ṣì í gbé lọ. Títí dòní, bí mo bá rí ọmọ yẹn, ojú máa ń tì mí.

Nílẹ̀ wa, àwọn ilé ẹjọ́ ń tẹ̀lé ìkìlọ̀ ẹjọ́ Turnbull tí wọ́n dá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1976: báwo ni ẹlẹ́rìí ṣe pẹ́ tó lójú ẹni náà, báwo ló ṣe jìnnà tó, ṣé ìmọ́lẹ̀ wà, ṣé ó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀? Ìwé òfin ọdún 1999, abala 36(5), sọ pé aláìṣẹ̀ ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn títí ẹ̀bi fi máa hàn. Abala 35(2) sì fún ẹni tí wọ́n mú láyè láti dákẹ́ títí tó fi máa rí lọ́yà tàbí ẹlòmíì tó bá fẹ́.

Ohun tó yẹ ká máa ṣe rèé:

1. Bó o bá rí nǹkan, kọ ọ́ sílẹ̀ kó o tó gbọ́ tẹnu ẹlòmíì.
2. Ẹ bi ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. "Kí lo rí?" ni kẹ́ ẹ bi í, kì í ṣe "Ṣé lágbájá kọ́ nìyẹn?"
3. "Kò dá mi lójú" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú.
4. Bí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn ọ́, tètè sọ ibi tó o wà àti ẹni tẹ́ ẹ jọ wà. Má fọwọ́ síwèé tó ò kà. Jẹ́ kí ẹgbẹ́ mọ̀, kí wọ́n bá ọ wá lọ́yà.
5. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lu ẹnikẹ́ni lọ́jà. Ẹni tó wà lẹ́wọ̀n lè padà wá sílé bí òótọ́ bá jáde, bíi ti Cotton. Ẹni tí wọ́n bá lù pa ò lè padà wá mọ́.