Ọ̀pá Kan, Ìmọ̀ Méjì: Ìtàn Títo Ẹsẹ̀ Iwájú Ọkọ̀ Àtijọ́

Nígbà tí mẹkáníìkì bá ń to ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ àtijọ́ kí sítíárìn rẹ̀ lè dára, ọ̀pá tí ó so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, tí wọ́n ń pè ní táírọ́ọ̀dù, ni ó sábà máa ń tún ṣe. Orúkọ Rudolph Ackermann ni ó gbajúmọ̀ jù nínú ìtàn ọ̀pá yìí. Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti fi hàn pé ìmọ̀ méjì ni ó pàdé lára rẹ̀, àti pé kò sí èyí tí ó ti ọwọ́ Ackermann wá nínú méjèèjì.

Ìmọ̀ kìíní jẹ mọ́ yíyà sí kọ̀rọ̀. Lára kẹ̀kẹ́ ẹṣin àtijọ́, odidi ọ̀pá iwájú pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ni ó ń yí lórí bóòtù kan ṣoṣo láàárín. Bí ó bá yí jù, kẹ̀kẹ́ náà lè dojú dé. Georg Lankensperger, akànkẹ̀kẹ́ ní ìlú Munich, ni ó fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ibi ìyípo tirẹ̀, tí ó sì fi ọ̀pá so wọ́n pọ̀. Ní 1818, Ackermann, ọmọ Jámánì tí ó ń tẹ àwòrán tà ní Lọ́ńdọ̀nù, gba ìwé-àṣẹ ìhùmọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí aṣojú rẹ̀. Orúkọ aṣojú ni ó wà nínú ìwé. Òun náà ni ó sì borí.

Bí ọkọ̀ bá ń yà, ẹsẹ̀ inú ń rin òbírí tí ó kéré sí ti òde, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ yí jù ú lọ. Amédée Bollée lo ìlànà yìí lára L'Obéissante, ọkọ̀ olóoru omi tí ó kàn ní 1873. Karl Benz, ní tirẹ̀, yẹra fún ìṣòro náà ní 1886: ẹsẹ̀ iwájú kan ṣoṣo ni ọkọ̀ rẹ̀ ní. Ní 1893 ni ó gba ìwé-àṣẹ fún sítíárìn ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin.

Ìmọ̀ kejì jẹ mọ́ rírìn tààrà, àwọn tí ó ni ín kò sì lórúkọ nínú ìwé kankan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí mọ́tò tó dé, alágbẹ̀dẹ a máa tẹ orí ọ̀pá kẹ̀kẹ́ ẹrù síwájú díẹ̀, kí iwájú ẹsẹ̀ méjèèjì lè súnmọ́ ara wọn ju ẹ̀yìn wọn lọ. Èyí ni kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ máa ti píìnì tí ó dè é síta. Iná àti òòlù ni wọ́n fi ń ṣe é; bí irin bá ti tutù, àtúnṣe di iṣẹ́ ńlá.

Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ nílò ọgbọ́n kan náà fún ìdí mìíràn. Títì a máa fa ẹsẹ̀ iwájú sẹ́yìn, oríkèé a dẹ̀ díẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì a sì fẹ́ là síta. Bí wọ́n bá ti fi mílímítà díẹ̀ súnmọ́ ara wọn níwájú nígbà tí ọkọ̀ dúró, wọn yóò tọ́ nígbà tí ó bá ń sáré. Nítorí pé ọ̀pá Lankensperger ni ó di ẹsẹ̀ méjèèjì mú, gígùn ọ̀pá náà ni ó ń pinnu èyí. Ohun tí iná ń ṣe tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí sípánà lè ṣe: kí wọ́n tú nọ́ọ̀tì, kí wọ́n yí ọ̀pá, kí wọ́n wọn iwájú àti ẹ̀yìn.

Ìyàtọ̀ yìí wúlò fún ẹni tí ó ń tọ́jú ọkọ̀ àtijọ́. Yíyí ọ̀pá kò lè wo oríkèé tí ó ti jẹ sàn. Òun ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bákan náà, bí apá tí táírọ́ọ̀dù so mọ́ bá wọ́ nínú ìjàǹbá, ìwọ̀n lè pé nígbà tí ẹsẹ̀ bá tọ́, síbẹ̀ kí táyà máa họ lójú títì ní gbogbo kọ̀rọ̀. Ìmọ̀ alágbẹ̀dẹ ti pé níbẹ̀. Ti Lankensperger ni ó bàjẹ́.

Ní ìparí, ìwé-àṣẹ jẹ́ ẹ̀rí ẹni tí ó forúkọ sílẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rí ẹni tí ó mọ iṣẹ́. Ẹni tí yóò bá kọ ìtàn ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wo irin náà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ìwé.