Láti Èsúsù dé Alájẹṣẹ́kù

Èsúsù ni gbòǹgbò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ìyẹn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí ń fi owó pamọ́ tó sì ń yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó, ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, láti Símáwà dé Ṣágámù àti Ìkẹ́nnẹ́, gẹ́gẹ́ bó ti rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Nínú èsúsù, iye kan náà ni olúkúlùkù ń dá, ẹnì kan ni yóò sì kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, títí yóò fi kárí. Samuel Johnson ṣàpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921. Orúkọ rere ló dúró fún ìwé àdéhùn: bí ẹnì kan bá kó tirẹ̀ tán tó sì kọ̀ láti máa dá, ìtìjú ìdílé rẹ̀ ni.

Ibi tí èsúsù kù sí ni pé àìsàn tàbí òkú kì í dúró de ìgbà tí owó máa kan ènìyàn. Láyé àtijọ́, ẹni tí ọ̀ràn bá bá lójijì a lọ bá sọ́gundógójì, tàbí kí ó fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó, èlé lásán ni. Kò dín kọ́bọ̀ kù nínú gbèsè. Kòkó tún dá kún un, nítorí ìgbà ìkórè nìkan ni owó rẹ̀ ń wọlé, àwọn àgbẹ̀ a sì máa gba owó sílẹ̀ lọ́wọ́ oníṣòwò kí kòkó tó pọ́n.

Lọ́dún 1907, àwọn àgbẹ̀ Agége dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti gbèjà ara wọn. Ní 1933, ìjọba amúnisìn pe C. F. Strickland, ẹni tó ti bójú tó àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ní Punjab ní Íńdíà, pé kó wá wò ó bóyá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò bá Nàìjíríà mu. Ìlànà tó gbé wá ti rìn jìnnà: Friedrich Raiffeisen dá irú rẹ̀ sílẹ̀ láàárín àwọn àgbẹ̀ Jámánì ní 1864, Íńdíà sì sọ ọ́ di òfin ní 1904. Nàìjíríà ṣe òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tirẹ̀ ní 1935. Ẹgbẹ́ àwọn olùtà irè oko ní Gbèdun, nítòsí Ìbàdàn, ló kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ ní 1937.

Ìgbẹ́kẹ̀lé ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tí òfin fi kún un ni ìwé ìṣirò owó, àyẹ̀wò ọdọọdún, àti àpò ìpamọ́ tí ìdá kan nínú mẹ́rin èrè gbọ́dọ̀ máa wọ̀. Owó alájẹṣẹ́kù kì í pín tán bí ti èsúsù. Inú àpò ẹgbẹ́ ló ń wà, kí ọmọ ẹgbẹ́ tó nílò rẹ̀ lè yá a, kí àwọn onígbọ̀wọ́ sì dúró fún un. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń yáni ní ìlọ́po méjì ohun tí ènìyàn ti fi pamọ́. Èlé rẹ̀ kéré, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ló sì ń pín èrè. Ìbò kan ni olúkúlùkù ní, ì báà jẹ́ olówó tàbí tálákà.

Wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1943. Báńkì àwọn ẹgbẹ́ náà tẹ̀ lé e ní 1953, nígbà tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ń darí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976, àbójútó àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ Rẹ́mọ bọ́ sọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní Abẹ́òkúta. Òfin tuntun fún gbogbo orílẹ̀-èdè jáde ní 1993.

Báńkì àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ náà dàpọ̀ mọ́ àwọn mìíràn ní 2006 láti di Skye Bank, orúkọ rẹ̀ sì parẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké ní àdúgbò, ní ibi iṣẹ́ àti ní ọjà kò bá a lọ, nítorí ọwọ́ àwọn tó mọ ara wọn ni owó wọn wà. Níbi tí ìwé ìṣirò bá ti mọ́, tí ayáwó sì ń san án padà, ibẹ̀ ni alájẹṣẹ́kù ti ń pẹ́.