Ìdánrawò àti Ìjà Àjàmọ̀gá: Ẹ̀kọ́ láti inú Ìtàn

Láti ìgbà tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Ìkẹjà, ṣáájú Òmìnira ọdún 1960, ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń rọ́ wá sí Ìkẹjà àti Agége. Àwọn mìíràn nínú wọn, bí wọ́n bá ṣíwọ́ iṣẹ́, a máa lọ kọ́ jùdó tàbí ìjà ẹ̀ṣẹ́. Ọkàn òbí kì í sì balẹ̀. Èwo ni ó sàn: kí ọmọ máa dánra wò pẹ̀lú ẹni tí ń ṣubú fún un, tàbí kí ó bá ẹni tí kò fẹ́ ṣubú jà?

Ìjàkadì kì í ṣe àjèjì lọ́dọ̀ wa. Orò ìlú ni àwọn ará Ọ̀fà kà á sí. Lórí iyanrìn ni ọmọ ti ń gbá ẹgbẹ́ rẹ̀ mú, olúkúlùkù a sì lo gbogbo agbára rẹ̀. Síbẹ̀ òfin wà: a kò gbọdọ̀ lu ẹnìkejì ní ẹ̀ṣẹ́, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá sì kan ilẹ̀, a ti dá a, ìjà parí. Òfin yìí ni ó mú kí wọn lè jà tagbáratagbára, kí wọn sì jọ padà sílé.

Irú ọgbọ́n yìí ni Jigoro Kano lò ní Jàpáánì, nígbà tí ó dá ilé ẹ̀kọ́ Kodokan sílẹ̀ ní Tokyo ní ọdún 1882. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìjà àtijọ́ níbẹ̀ ni ó gbé ara lé kata: kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, a ti mọ ẹni tí yóò ṣubú. Kano kò sọ kata nù. Inú rẹ̀ ni ó fi àwọn ọgbọ́n ìjà tí ó lè pa ènìyàn sí. Ṣùgbọ́n ó gbé randori lékè, èyíinì ni ìjà tí ẹnikẹ́ni kò gbà fún ẹnìkejì. Ó sì yọ ohun tí ó léwu kúrò nínú rẹ̀.

Ní ọdún 1964, jùdó wọ inú eré Òlíńpíìkì fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Tokyo kan náà. Níbẹ̀ ni Nojeem Maiyegun ti fi ìjà ẹ̀ṣẹ́ gba àmì ẹ̀yẹ idẹ, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà. Ọlá ńlá ni. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1928 ni Harrison Martland, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé nípa àrùn ọpọlọ tí ń mú àwọn oníjà ẹ̀ṣẹ́ tí a ń lu orí wọn léraléra. Ẹni tí a dá lórí iyanrìn yóò dìde, yóò gbọn ara rẹ̀. Ọpọlọ tí ó bàjẹ́ kì í dìde bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, àwa kò dá ọ̀nà kan láre kí a sì dá èkejì lẹ́bi. Ẹni tí a ń ṣubú fún nígbà gbogbo kò lè mọ àìlera ara rẹ̀. Ẹni tí ń gba ẹ̀ṣẹ́ sórí lójoojúmọ́ ń ná ohun tí kì yóò rí padà. Kí ọmọ kọ́kọ́ fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kọ́ bí a ti ń ṣubú. Lẹ́yìn náà, kí ó bá ẹni tí kò gbà fún un jà, lábẹ́ òfin tí ó dá orí sí. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ ìjà, ẹ má ṣe béèrè bí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti lágbára tó. Ẹ béèrè òfin tí ó de ìjà wọn, àti ẹni tí yóò dá ìjà náà dúró.