Ilẹ̀ Minna àti Àwọn Olùgbé Rẹ̀

Kí ojú irin Baro sí Kano tó parí ní 1911, kí ti Èkó sì tó wá pàdé rẹ̀ ní Minna, amọ̀ ni àwọn Gbàgyí ibẹ̀ fi ń mọ ògiri. Níbi púpọ̀, erùpẹ̀ kò jìn kí ọkọ́ tó kan àpáta. Ebè gíga ni iṣu fi ń rí ibi ta sí.

Ní 1976, Minna di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Niger, ilé sì ń pọ̀ sí i. Àpáta gba ìpìlẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbẹ́ ṣáláńgá jìn nínú rẹ̀? Bí òjò bá rọ̀, omi kì í tètè wọ inú àpáta. Orí rẹ̀ ni ó ń ṣàn gbà, a sì máa gbé ẹ̀gbin ṣáláńgá lọ sínú kànga tó wà ní ìsàlẹ̀, ì báà jẹ́ ti aládùúgbò.